Ẹni Tí Ẹṣin Dá

Nínú balùwẹ̀ tóóró kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró síwájú dígí. Báńdéèjì wé mọ́ ọn lórí. Ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ fi hàn: wọ́n ti fá irun apá kan orí rẹ̀, ojú abẹ gígùn kan là á já, àwọn píìnì onírin tí wọ́n fi so awọ pọ̀ sì tò lé e bí eyín. Ó mú ọ̀bẹ, ó ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ abẹ́ píìnì kan, ó sì yọ ọ́. Kò pariwo, kò ṣépè. Ojú rẹ̀ kàn rọra fún pọ̀ ni. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ọ̀rá wé orí náà kí omi má baà débẹ̀, ó sì lọ wẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìran yìí, mo gbójú kúrò. Ìgbà kejì ni mo tó kíyè sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Ó ń ṣe orí ara rẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ẹran ọ̀sìn, pẹ̀lú sùúrù, láìkánjú. Kí a tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹṣin ló dá a, ọwọ́ yẹn ti sọ irú ẹni tó jẹ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe.

The Rider ni wọ́n ń pe fíìmù náà. Agẹṣin ni ì bá máa jẹ́ ká ní èdè wa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún 2017 ló jáde. Chloé Zhao, obìnrin tí wọ́n bí ní Beijing lórílẹ̀-èdè Ṣáínà tó sì kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní New York, ló kọ ọ́, òun náà ló sì darí rẹ̀. Brady Jandreau lorúkọ ọmọkùnrin tó wà níwájú dígí. Kò ṣe fíìmù rí kí èyí tó dé. Ẹlẹ́ṣin ni, ọmọ ẹ̀yà Lakota, ní Pine Ridge ní ìpínlẹ̀ South Dakota, lórí ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, níbi ìdíje kan ní ìlú Fargo, ẹṣin dá a ṣubú, ó sì fi pátákò tẹ̀ ẹ́ lórí. Agbárí rẹ̀ fọ́. Ó wà fún ọjọ́ mélòó kan láìmọ ẹni tó dúró tì í, àwọn dókítà sì fi irin pẹlẹbẹ dí ibi tó fọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má gun ẹṣin mọ́. Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó ti wà níwájú kámẹ́rà Zhao, ó ń fi ara rẹ̀ sọ ìtàn tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtàn ara rẹ̀ gan-an. Àwọn píìnì tó ń yọ níwájú dígí yẹn, iṣẹ́ fíìmù ni, nítorí ọgbẹ́ ti jiná nígbà náà. Àmọ́ ibi tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́, ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀ rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni. Kò sí ẹni tí wọn kò sọ ọ́ fún rí nínú wa. Ẹni tó já kulẹ̀ nínú ìdánwò gbọ́ ọ, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ wọmi gbọ́ ọ, opó tí ọkọ rẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ gbọ́ ọ. Òwe náà dára, ó ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dìde nílẹ̀, èmi náà wà lára wọn. Àmọ́ n kò ronú rí nípa ẹni tó jẹ́ pé ẹṣin gan-an, ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ló dá a, tí orí tó fi ṣubú kò sì lè gba ìṣubú kejì. Kí la fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ Brady nínú fíìmù yìí ló ń pa òwe yẹn fún un ní èdè tiwọn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pa á. Wọ́n á jókòó yí iná ká lóru, wọ́n á ka ibi tí olúkúlùkù ti kán egungun, wọ́n á ní ìrora kì í pa ọkùnrin, wọ́n á béèrè ìgbà tó máa padà. Òun náà fẹ́ padà. Ìdí nìyẹn tí ìtàn náà fi ń dunni: kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀.

Kí ẹni tó ń ka èyí lè mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Brady, ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ ẹlẹ́ṣin ìdíje ṣe rí. Wọ́n á di ẹṣin tó máa ń ta èèyàn dànù ní gàárì, ẹlẹ́ṣin á gùn ún nínú àhámọ́ tóóró, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, ẹṣin á sì fò síta bí ẹni tí iná jó. Ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ lò lórí rẹ̀. Ọwọ́ kan ló máa fi di okùn mú. Èkejì gbọ́dọ̀ wà lókè, bó bá sì fi kan ẹṣin pẹ́nrẹ́n, ó ti jáde nínú ìdíje. Àwọn adájọ́ á fún ẹlẹ́ṣin ní máàkì tirẹ̀, wọ́n á fún ẹṣin ní tirẹ̀, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Ẹṣin tí kò le kò lè mú ẹlẹ́ṣin gbégbá orókè, torí náà ẹni tó bá fẹ́ borí ni yóò máa wá ẹranko tó lè pa á. Nínú gbogbo ariwo àti eruku yẹn, ọwọ́ kan ṣoṣo ló so èèyàn mọ́ ẹranko.

Ọwọ́ yẹn gan-an ni Zhao fi di ìtàn rẹ̀ mú. Lẹ́yìn tí Brady ti ọsibítù dé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gan lójijì. Ó lè di okùn ẹṣin mú báyìí, àwọn ìka rẹ̀ á pa dé, wọn ò sì ní gbà láti ṣí. Á wò wọ́n bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Á wá fi ọwọ́ òsì tú wọn, ìka kan lẹ́yìn ìka kan, bí a ṣe ń tú kókó okùn tí òjò ti rin. Dókítà ṣàlàyé fún un pé láti inú ọpọlọ ni gìrì yìí ti ń wá, pé bó bá tún gun ẹṣin, ó máa burú ju báyìí lọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Láti kékeré ni iṣẹ́ ti kọ́ ọwọ́ yẹn pé kó má tú u sílẹ̀. Ó kọ́ ọ yó, títí ó fi di pé kò lè tú u sílẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ èyí jáde nínú fíìmù náà. Kámẹ́rà kàn sún mọ́ ìka márùn-ún ni, ó dúró, ó ń wò wọ́n.

Yorùbá tó bá jókòó ti fíìmù yìí kò lè ṣe kí ọkàn rẹ̀ má lọ sórí ọ̀rọ̀ orí. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Brady, orí ló ti ṣẹlẹ̀. Èèyàn tí orí inú rẹ̀ yan ẹṣin, tí orí òde rẹ̀ kò lè gba ẹṣin mọ́: báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń jí láàárọ̀? N kò rò pé Zhao mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún méjèèjì. Síbẹ̀ ó mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀ níbi ìran kan, nítorí òun ló mú mi kọ gbogbo èyí. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ẹṣin kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn rí, ó sì fẹ́ kí Brady bá òun mú un rọ̀. Brady wọ inú ọgbà. Ẹṣin náà sá lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, imú rẹ̀ ń fẹ́, etí rẹ̀ ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Brady kò lé e. Ó ń rìn bí ẹni tó wá ṣe nǹkan mìíràn níbẹ̀. Bí ẹṣin bá gbéra, òun náà á gbéra. Bí ẹṣin bá dúró tó wò ó, á fà sẹ́yìn, á fún un láyè, bí ẹni tó mọ̀ pé àlejò kì í ti ìlẹ̀kùn onílé wọlé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò tó nǹkan, wọ́n fẹ́ẹ̀ máà nítumọ̀, irú ọ̀rọ̀ tí ìyá fi ń rẹ ọmọ tó ń ṣàárẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹṣin, ó mú un kúrò kó tó di pé ẹṣin bínú. Ó tún fi kàn án. Lẹ́yìn náà okùn. Lẹ́yìn náà ó fi àyà lé e lẹ́yìn, ó jẹ́ kó gbọ́ bí ara èèyàn ṣe wúwo tó, ó sì yọ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó sì jókòó.

Àwọn tó ń wo eré ìtàgé mọ̀ pé òṣèré tó bá dára lè tún ìran kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìran yìí kò ṣeé tún ṣe. Ẹṣin kì í di àkọ́gùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹṣin náà kò mọ̀ pé fíìmù lòun wà. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àfarawé, ìgbàgbọ́ tó wá ní nínú ọkùnrin yẹn kì í sì í ṣe àfarawé. Joshua James Richards ló di kámẹ́rà mú, ohun tó sì ṣe níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí a kì í sábà yìn: ó yẹra. Kò sáré tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ẹṣin, kò fi àwòrán kéékèèké dí wa lójú. Ó wà níbi tó ti lè rí ojú Brady àti etí ẹṣin pa pọ̀, ó sì jẹ́ kí àkókò kọjá. Alex O'Flinn, tó gé fíìmù náà tó sì tò ó, ní ọgbọ́n láti fi ibi tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹranko ti ń ro ó wò. Ẹni tó bá ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kankan rí á mọ àkókò yẹn. Bí agbẹ́gilére bá dáwọ́ àáké dúró tó ń wo igi, kò sinmi o, iṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn.

Ìgbà tí Brady jókòó lórí ẹṣin yẹn, inú mi dùn dénú egungun. Àyà mi sì já lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí mo rántí irin tó wà nínú agbárí rẹ̀. Ibi tí ó ti jẹ́ ara rẹ̀ jù lọ ni ibi tí ikú ti ń ṣọ́ ọ. Fíìmù náà kò yan ọ̀kan nínú méjèèjì fún wa. Ó jẹ́ kí ayọ̀ àti ẹ̀rù jókòó sórí gàárì kan náà.

Wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa bí owó tí wọ́n fi ṣe The Rider ṣe kéré tó, òótọ́ sì ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kankan lẹ́yìn wọn, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kéré débi pé wọ́n lè jókòó yí tábìlì kan ká, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n sì lò jù. Wọ́n á dúró dìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè gbígbẹ Badlands, tí ọ̀run pọ́n tí koríko sì di wúrà, wọ́n á sáré ya ohun tí wọ́n bá lè yà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fíìmù lọ́dọ̀ wa máa ń sọ pé owó ló ń dí wọn lọ́wọ́, n kò sì ní bá wọn jiyàn, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ọwọ́ balẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé ohun tó wọ́n jù lọ nínú rẹ̀, ọjà kò tà á. Kí ẹṣin tó dá Brady ni Zhao ti mọ̀ ọ́n. Pine Ridge yìí kan náà ló ti ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Songs My Brothers Taught Me, tó jáde ní 2015. Ó ti rí ọmọkùnrin náà níbi tó ti ń mú ẹṣin rọ̀, ó ti fẹ́ fi í ṣe fíìmù, kò tíì rí ìtàn tó bá a mu ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, àjèjì kọ́ ló wá gbé kámẹ́rà lé aláìsàn lójú.

Ìdí nìyẹn tí bàbá Brady, Tim, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Lilly, fi gbà láti wọ inú rẹ̀. Wọ́n pa orúkọ ìdílé dà, Jandreau di Blackburn, Tim sì di Wayne. Bàbá inú fíìmù ń mutí, ó ń ta tẹ́tẹ́, ó sì ta Gus, ẹṣin tí Brady fẹ́ràn jù, kí wọ́n lè rí owó san lórí ilé onítáyà tí wọ́n ń gbé. A lè bínú sí i, àwa náà a sì bínú sí i. Lẹ́yìn náà a ó rí i bó ṣe ń wo ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà kò mọ̀, ìbínú náà á sì wá ibòmíràn lọ. Àwọn ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ le bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n ní kó sọ nǹkan. Kò dà mí láàmú. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé láìsí kámẹ́rà kankan.

Lilly ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tí ọ̀nà tó ń gbà rí ayé yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíràn, kò sì sí irọ́ kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń kọ orin fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó máa ń lẹ ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà kéékèèké mọ́ ọn lára bí olùkọ́ ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ọmọ tó gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Brady ń wo ẹlẹ́ṣin tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, dókítà ń wo agbárí tó fọ́. Lilly ń wo bọ̀ọ̀dá rẹ̀.

Ọ̀nà ìjẹun mìíràn tí Brady rí, ó wà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì kan. Ó ń to ọjà sórí pẹpẹ, ó wọ aṣọ iṣẹ́. Àwọn ọmọdé méjì rí i, wọ́n dá a mọ̀, wọ́n ní ṣé òun ni ẹlẹ́ṣin yẹn, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ káwọn bá a ya fọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúró tì wọ́n. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Wọ́n lè sọ ọ́ di ìran ìtìjú, wọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ọmọ náà dùn, wọ́n sì lọ. Àwa tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ la mọ bí ó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tó tún yíjú sí ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ó gbé gàárì rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi nǹkan dógò gba owó. Ó gbé e kalẹ̀. Ó wò ó. Kò lè tà á.

Ó ku ẹni kan tí mo ní láti dárúkọ, n kò sì fẹ́ yára kọjá lára rẹ̀. Lane Scott. Ọ̀rẹ́ Brady ni, nínú fíìmù àti níta fíìmù. Ó máa ń gun akọ màlúù tẹ́lẹ̀, àwọn fídíò ìgbà náà wà, ọmọkùnrin arẹwà tí ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nínú fíìmù yìí, kò lè rìn mọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Ìka ló fi ń sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Brady á sì máa kà á jáde títí yóò fi di ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wo fíìmù náà láìbéèrè á rò pé màlúù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Fíìmù náà kò purọ́ níbẹ̀, àmọ́ ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni àbùkù kan tí mo rí sí i. Ó yẹ ká lè mọ̀ pé ọ̀nà títì lásán lè gba ohun tí màlúù kò rí gbà. N kò rò pé ìtàn náà ì bá pàdánù nǹkan kan.

Mo tún bi ara mi léèrè bóyá ó tọ́ láti gbé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà nírú ipò yẹn. Ohun tó fi ọkàn mi balẹ̀ ni bí wọ́n ṣe yà á. Wọn kò fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ́ kó dáhùn ọ̀rọ̀, wọ́n dúró de ìka rẹ̀ títí yóò fi sọ gbogbo lẹ́tà tó fẹ́ sọ tán, bó ti wù kó pẹ́ tó. Fíìmù tó dúró de ìka Lane, tó dúró de etí ẹṣin, tó sì dúró de ọwọ́ Brady kó ṣí, ọ̀nà kan náà ló ń gbà bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn.

Orin Nathan Halpern dára, ṣùgbọ́n ibì kan tàbí méjì wà tó ti tètè dé ju ẹkún lọ. Ìmí ẹṣin nìkan ì bá tó níbẹ̀.

Lẹ́yìn Gus, bàbá Brady wá ẹṣin mìíràn fún un, Apollo, ẹṣin líle tí ara rẹ̀ ń dán. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn kíákíá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá a níta, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ ya. Ẹsẹ̀ ẹṣin kì í ṣe ohun tó ń jiná bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Brady gbé ìbọn, ó sún mọ́ ọn, kò lè ṣe é, ó gbé ìbọn fún bàbá rẹ̀, ó sì rìn kúrò. Ojú rẹ̀ la ń wò nígbà tí ìró náà dún. Nígbà tó yá ó sọ fún Lilly pé ká ní ẹranko lòun, bí òun ṣe fara pa yìí, wọn ì bá ti pa òun kí òun má jìyà mọ́; àmọ́ èèyàn lòun, ó di dandan kí òun wà láàyè. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó rí ìtùnú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ lórí ìdí tó fi yẹ ká wà láàyè, n kò tíì gbọ́ èyí tó ṣe ṣókí tó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó mọyì iṣẹ́ tètè rí bí fíìmù náà ṣe dára tó. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ní Cannes ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ní ìsọ̀rí Directors' Fortnight, ó sì gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù níbi àmì ẹ̀yẹ Gotham ní 2018. Ọ̀nà kan náà ni Zhao tún gbà ṣe Nomadland, níbi tí ó ti fi àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ṣe òṣèré, èyí sì mú Oscar olùdarí wá fún un ní 2021. Nomadland dára. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, The Rider ni màá mú, nítorí pé Frances McDormand, òṣèré tó ṣe Fern nínú Nomadland, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀bùn rẹ̀, lè bọ́ ẹ̀wù Fern sílẹ̀ kó sì lọ sílé.

Ìdíje ńlá dé. Brady pinnu láti lọ. Bàbá rẹ̀ bínú, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọmọ náà sọ tirẹ̀ pẹ̀lú, pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kọ́ òun kí òun jẹ́ akọni, báwo ni wọ́n ṣe wá ní kí òun fi í sílẹ̀. Ó lọ. Ó wọ aṣọ ìdíje rẹ̀. A ń gbọ́ ìró àhámọ́, a ń gbọ́ bí ẹṣin ṣe ń fi ara gbá irin, àwọn ọkùnrin ń pariwo orúkọ. Ó yíjú, ó sì rí bàbá rẹ̀ níbi ọgbà, Lilly ló dúró tì í. Àwọn méjèèjì ti wá. Bóyá wọ́n wá wò ó bó ṣe máa kú ni, bóyá kó má baà dá nìkan kú. Kò sẹ́ni tó pè é. Kámẹ́rà wà lójú rẹ̀, nǹkan kan sì rọ̀ níbẹ̀ bí ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti ṣí. Ó rìn kúrò nídìí ẹṣin, ó rìn gba eruku náà kọjá, ó lọ bá wọn.

Lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ Lane. Nígbà kan ṣáájú, ó ti gbé e jókòó sórí gàárì kan tí kò sí ẹṣin lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti fi okùn ìjánu sí i lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ eré yẹn. Brady di orí okùn kejì mú, ó ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó ń sọ fún un bí ilẹ̀ ṣe rí níwájú, pé kó yà sápá òsì, pé kó fara balẹ̀, pé ẹṣin fẹ́ sáré báyìí. Ohùn tó fi bá ẹṣin àkọ́gùn yẹn sọ̀rọ̀ ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fún okùn láyè, ó ń gbà á padà, ó tún ń fún un láyè. Lane ń rẹ́rìn-ín.